Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré mi ní Ẹ̀pẹ́

Bàbá Kékeré mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìfaradà orúnkún yín. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà fúnra yín, inú mi dùn gan-an.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni pé mo ti gba ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì. Ọkọ àbúrò mi ló ra bóòtù kékeré kan, ẹlẹ́ńjìnnì kan, tó lè gba èèyàn márùn-ún. Ọjọ́ méjì la fi rìn ín, nínú ọyẹ́ oṣù Kìn-ín-ní. N kò sọ fún yín ká tó lọ, torí láti ọjọ́ tí ẹ ti ta ọkọ̀ ojú omi yín, ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi sétí. Ẹ forí jì mí.

Ìdájí la kúrò létí ọjà Olúwo. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀sà débi pé ohùn àwọn ìyá ẹlẹ́ja là ń gbọ́, a ò rí ẹnì kankan. Nígbà tí oòrùn là díẹ̀, mo wẹ̀yìn. Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú Ẹ̀pẹ́. Òkè rọra dà gẹ̀rẹ̀ wá sí omi, àwọn ilé dúró lórí rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò. Ẹ máa ń sọ nígbà náà pé ẹni tó bá gba títì wọ Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Mo rò pé inú àwọn onímọ́tò tó gba èrò lọ́wọ́ yín ló ń bí yín.

Ẹ wò ó, nígbà tí àwọn Òyìnbó yin àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò, omi yìí lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́. Mo ti ṣe Kayọ̀kayọ̀ yín, ọdún tí ẹ fi ń rántí dídé rẹ̀, láìmọye ìgbà. Mo ti jó, mo ti jẹran. Àmọ́ n kò fi ojú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ wò ó rí, ẹni tó kó ìyàwó àtọmọ sórí omi, tí kò sì mọ̀ bóyá wọ́n á gba òun lébùúté. 1862 ni Kòsọ́kọ́ tó padà sí Èkó.

Ìkòròdú ni mo ti rántí yín jù. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, à ń wo èbúté lọ́ọ̀ọ́kán, bóòtù há sórí yanrìn gbàgà. Ẹni tó ń wà á ń wo máàpù inú fóònù, máàpù sì ní omi ni gbogbo ibẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, omi ò ju orúnkún wa lọ. Apẹja Ìlàjẹ kan tó ń kọjá ló dúró. Ó ní, "Ṣé ẹ ò rí bí ojú omi ṣe ń hó wẹ́wẹ́ níbẹ̀ yẹn ni, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́?" Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni! Ẹ ti fi hàn mí nígbà tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ tún fi kọ́ mi pé kí n máa fi ahọ́n tọ́ omi wò: tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ti Ẹ̀pẹ́ ṣì dùn, bó bá ṣe ń níyọ̀ sí i lèèyàn ṣe ń sún mọ́ Èkó. Mo gbàgbé ọ̀kan, mo rántí ìkejì. Apẹja náà tún sọ pé àwọn tó ń fa yanrìn ti da ìsàlẹ̀ ọ̀sà rú, pé ọ̀nà tí òun mọ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn kọ́ ni òun ń gbà báyìí.

Ìkòròdú la sùn. Oko Rẹ́mọ wà lẹ́yìn rẹ̀, Èkó wà ní òdìkejì omi, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa du ìlú náà. Ní 1865 tí àwọn Ẹ̀gbá dó tì í, Glover, Òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, kó ọmọ ogun láti Èkó sọdá ọ̀sà wá lé wọn.

Èkó, a kàn kọjá ni. Abẹ́ afárá gígùn un nì, lẹ́yìn náà Àpápá, láàárín àwọn ọkọ̀ òkun tí ìgbì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wá nù.

Nígbà tí a wọ omi Àgbádárìgì, igi àgbọn ni lọ́tùn-ún lósì, àti ewé omi olódòdó àlùkò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì wa. 1984 ló kọ́kọ́ yọjú sí omi yìí, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà lẹ ta ọkọ̀ yín. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ omi láti fà á já lẹ́ẹ̀kẹta ni ìdí rẹ̀ tó yé mi.

Ní Àgbádárìgì, a pa ẹ́ńjìnnì láàárín ìlú àti erékùṣù Gberefu. Omi yẹn ò fẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kó àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú kọjá, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ rin yanrìn dé etí òkun. Mo ti bá ilé-ìwé dé ìlú náà rí nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn wá, a ya fọ́tò. Lórí omi lọ́jọ́ yẹn, atukọ̀ ni mo ń rò. Ẹnì kan ló di àjẹ̀ mú. Ẹnì kan tó mọ ibi tí yanrìn wà, tó mọ ibi tí omi ti jìn, bí ẹ̀yin ṣe mọ̀ ọ́n. Kí ló máa ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ tó bá délé? Bí mo ṣe gbójú sókè, ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ló wà níwájú wa, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ìjọ Áńgílíkà kọ́ parí ní 1845, létí omi kan náà. A ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, torí ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó fi omi jẹun.

Ọkọ àbúrò mi fẹ́ ká gba apá kejì báyìí, láti Ẹ̀pẹ́ gba ọ̀sà Lẹ́kí lọ sápá ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. A ti de àga alátìlẹ́yìn mọ́ iwájú bóòtù kí orúnkún yín lè nà dáadáa, ẹ kàn máa nawọ́ síbi tó yẹ ká gbà ni. Mo ti ra láífù jákẹ́ẹ̀tì yín, ó wà nílé àbúrò mi, ẹ ní kí ó mú un wá kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ẹ sọ ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn fún un, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Àkànní