Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Láńre, nípa búútù Adé

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo rí bébà yín lánàá. Mo ń kó ẹrù mi kúrò nínú ọkọ̀ torí ẹni tó fẹ́ wá wò ó ní Sátidé. Bíró kan há sẹ́yìn pijin-hóòlù, mo bá yọ gbogbo rẹ̀ jáde, bébà kan sì já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ ká a sí mẹ́rin. N ò tíì tú u tán tí mo ti mọ̀ pé ọwọ́ yín ni, torí ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń fa ìlà sí àárín 7.

Ọdún mẹ́wàá ló ti wà níbẹ̀, láti August 2014. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó tì í, n ò mọ̀.

Ẹ rántí pé Honda ni mo ń sunkún fún nígbà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní "End of Discussion". Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán, ẹ wá bi mí pé èló ló wà lọ́wọ́. Mo ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, inú rẹ̀ náà ni n ó ti ṣe ìwé ọkọ̀, tí n ó sì ti ra epo dé Ìbàdàn. Ẹ ní, "Camry ni. Big Daddy, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin." Ẹ ní oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà lágbára lóòótọ́, lítà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àmọ́ bẹ́líìtì táímìn ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí bẹ́líìtì bá sì tó pààrọ̀, kò mọ̀ pé owó oṣù ò tíì wọlé. Lítà 2.4 tí olùkọ́ lè bọ́ yìí, ṣéènì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tún ní kò sí ohun tó máa bàjẹ́ lára Camry tí n ò ní rí rà, yálà ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate níbí. Bọ̀ọ̀dá, gbogbo rẹ̀ ló rí bí ẹ ṣe wí. Ọdún mẹ́wàá gbáko, ọkọ̀ yìí ò fi mí sílẹ̀ sójú ọ̀nà alẹ́ rí.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáàn kan, kanmuri, ni wọ́n ti yọ orúkọ Camry, pé adé ló túmọ̀ sí. Ọjọ́ yẹn la sọ ọ́ ní Adé. Àwọn ọmọ mi ò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Aago méje àárọ̀ la dé Berger. Ẹ ti kìlọ̀ fún ọkùnrin tó ń tà á láti alẹ́ pé kó má ṣíná sí i kí a tó dé, torí ọkọ̀ tí wọ́n bá ti mú gbóná sílẹ̀ kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn. Ẹ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì gíà yọ, ẹ fi bébà funfun nù ún, ẹ gbé e sí mi nímú. "Pupa ni, àbí? Kò rùn bí ohun tó jóná, àbí?" Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí ó fi dé ìdí. Ẹ ní ọkọ̀ tí àgbàrá bá ti gbé rí ní Amẹ́ríkà, wọn a fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọn a fọ ìjókòó, ìdí bẹ́líìtì ni wọn kì í rántí, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ sì máa ń kù sí. Kò sí ẹrẹ̀. Lẹ bá tẹ̀ba síwájú gíláàsì, ẹ ń ka nọ́ńbà ṣáásí ọkọ̀. 4T1 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. Ẹ ka dé ìkẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún, ẹ sì nàró. Ọkùnrin yẹn ti ń pe ọkọ̀ ní 2005 láti àná, ìkẹwàá, tó ń sọ ọdún ọkọ̀, sì ń jẹ́ 4. "2004 lèyí, ọ̀gá." 80,000 náírà lẹ fi já a lulẹ̀ níbẹ̀. Orí mi wú. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi rèé.

Lẹ́yìn náà lẹ ṣí búútù.

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo wà, mo fi gèlè bo ojú torí oòrùn. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbé sípíà táyà jáde, orí yín wọ inú ibẹ̀. Ẹ pẹ́. Ẹ pẹ́ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì lọ. Nígbà tí ẹ gbórí sókè, ẹ ò wojú mi. Ẹ dá táyà padà, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, ẹ wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún títí gbogbo igun rẹ̀ fi lélẹ̀, bí ẹní ń tẹ́ ibùsùn fún aláìsàn. "Kò sí wàhálà." Ẹ̀yin àti ọkùnrin náà rìn lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan. Ìgbà tí ẹ ó fi padà, àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì yín, tó pẹlẹbẹ láàárọ̀, ti wú.

Ní January tó tẹ̀lé e, ẹnì kan rọra kọ lù mí lẹ́yìn ní Bódìjà. Panẹ́ẹ̀lì-bítà tó fẹ́ nà án ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò, ó pè mí. "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan." Ibi tí sípíà táyà ń jókòó sí ti wó rí. Wọ́n jó irin mọ́ irin, wọ́n kun ọ̀dà lé e, ibi tí wọ́n ti jó o sì hàn bí ojú àpá iṣẹ́ abẹ. Ó ní ọkọ̀ ńlá ló gbá a, kì í ṣe ní Nàìjíríà. Mo dá kápẹ́ẹ̀tì padà. Èmi náà fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

N ò bi yín. Báwo ni n ó ṣe bi yín? Kò tó oṣù kan tí a gbé ọkọ̀ délé tí ẹ gbé bátìrì tuntun wá fún mi láti Èkó, pẹ̀lú táyà méjì, 205/65R15, ẹ ní n má dárúkọ owó. Ẹ jẹ iyán, ẹ sùn sórí àga, ẹ lọ.

Ohun tó wà nínú bébà náà rèé. Ẹ́ńjìnnì, ẹ sàmì sí i. Gíà, ẹ sàmì sí i. Rédíétọ̀, ẹ sàmì sí i. AC, ẹ kọ "ó tutù dáadáa". Bẹ́líìtì ìjókòó, ẹ sàmì sí i. Búútù: òfìfo. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ ò kọ nǹkan kan síwájú rẹ̀. Mo yí bébà padà. 40,000 ni mo bá níbẹ̀, ẹ fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ń gbìyànjú láti rántí iye tí bátìrì àti táyà méjì jẹ́ lọ́dún yẹn. N ò rántí. Ẹ bá mi já 80,000 kúrò lórí owó ọkọ̀. Ṣé ẹ gba 40,000 lẹ́yìn mi? Ṣé òun lẹ fi ra bátìrì? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, ká jọ wá òmíràn? Ọmọ ìyá yín ni mí, Bọ̀ọ̀dá. Ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ọmọ mẹ́ta ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ní January 2017, ìjọba ní tòkunbọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ojú omi. Ọ̀nà Kùtọnu tí ẹ ti ń jẹun dí pa. Ẹ wá bá mi ní Ìbàdàn, ẹ fẹ́ yá 200,000. Mo ní kò sí. Ó wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni, owó náà wà lábẹ́ aṣọ nínú yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ ṣe lanu, àpò ṣẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo ń rí. Ẹ mu omi tí mo gbé fún yín tán, ẹ ní, "Kò burú, o ṣeun, o tọ́jú Adé dáadáa." Nígbà tí ẹ ń jáde, ẹ fọwọ́ gbá búútù lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò yín títí ẹ fi yà lọ́nà.

April 2023 la sin yín. Ẹ ò bá ọjọ́ tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May ọdún náà. Lọ́jọ́ tí a gbé Adé dé, 97 náírà ni lítà kan, táńkì rẹ̀ tó ń gba 70 lítà kò mu tó 7,000 náírà. Lónìí, November 2024, ó ti lé ní 70,000. Ìńṣọ́ránsì tí mò ń san ní 5,000 ti di 15,000. Takisí Mícrà ni mò ń wọ̀ lọ síléèwé, Adé ń sùn nínú ọgbà. Mẹkáníìkì kan tí mo gbà láyè da ọ́ìlì tí kì í ṣe T-IV, èyí tí Toyota ní ká lò, sí gíà rẹ̀, láti ìgbà náà, bí mo bá ti kúrò lójú kan, á ta mí nípàá lẹ́yìn. Ó ní ká ra gíà Bẹ́ljíọ̀mù, àlòkù tó ti òkè òkun wá. Iye tó dá lé e, ilé-ìwé gíga ló yẹ kó lọ, torí Tóbi ti rí àyè wọ yunifásítì, bàbá wọn sì ti wà nílé láti March tí ibi iṣẹ́ wọn ti kógbá sílé. Tí nǹkan bá rí báyìí, ẹ̀yin ni mo máa ń pè. Mo ṣì pe nọ́ńbà yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ ló gbé e.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin tó fẹ́ rà á. Kékeré ni, owó àkọ́kọ́ tó máa kó jọ nìyí, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Kò ní ẹni tó máa bá a wá. Ó bi mí lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti gbá a rí?" Mo ní kó wá ní Sátidé, ká jọ wò ó.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé sípíà táyà jáde. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì náà, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí okùn. N ò ní dá a padà kó tó dé.

Àbúrò yín,
Ṣadé