Ẹ Jẹ́ Kí Rikrúùtì Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Panápaná tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìrẹ̀mọ níbí n'Ílé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni nǹkan tí mo rí ní Lágeré lọ́jọ́ kan. Àwọn mẹ́rin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù dá ọlọ́kadà kan dúró, yunifọ́ọ̀mù wo ni, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, bí ọ̀gá wọn ṣe gbá a létí nìyẹn, gbàú, láìjẹ́ pé ọlọ́kadà yẹn janpata rárá. Ìgbátí yẹn dùn mí, àmọ́ ẹni tí mò ń wò ni èyí tó kéré jù nínú wọn. Ọmọ yẹn ò lè ju bí ọdún 23 lọ, bọ́ọ̀tù ẹ̀ ṣì ń dán. Kíá ló wolẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún bẹ́líìtì ẹ̀ ṣe, bẹ́líìtì tí nǹkan kan ò ṣe.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi náà ti tún bẹ́líìtì ṣe rí.

Iná ló ń jó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóòmù, nílùú kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fóòmù ẹ mọ irú èéfín tó máa ń rú. Ọ̀gá ní ká wọlé. Àwa mẹ́rin la di hóòsì mú lẹ́nu ọ̀nà, mo gbójú sókè báyìí, mo rí i pé ògiri ọwọ́ òsì ti sán látòkè délẹ̀, èéfín ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú ibi tó sán bí ìgbà téèyàn ń fa sìgá. Mo wojú àwọn tó kù, kò sẹ́ni tó gbin, mo ní bóyá ojú mi ló ń tàn mí, mo bá wọlé. Ògiri wó. Ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú wa ṣẹ́, dòní olónìí ó ṣì ń tiro. Ìgbà tá a wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ́sibítù lọ̀rọ̀ jáde, àṣé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la rí ògiri yẹn o! Kálukú ń wojú ẹnì kejì ni. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́ gan-an ló kọ́kọ́ rí i.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà nípa ẹ̀. Lọ́dún 1968, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Bibb Latané àti John Darley, sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ní káwọn ọmọ yunifásítì jókòó sí yàrá kan kí wọ́n máa kọ fọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá ń jẹ́ kí èéfín gba ihò ara ògiri wọlé. Àwọn tó dá wà ní yàrá, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jáde lọ sọ fún wọn. Àmọ́ tí wọ́n bá fi èèyàn méjì tí wọ́n ti bá dì í tẹ́lẹ̀ tì í, táwọn yẹn ń kọ tiwọn lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá ló dìde. Àwọn tó kù ń wúkọ́, wọ́n ń nujú, wọ́n ń ṣí wíńdò, wọ́n sì ń kọ fọ́ọ̀mù wọn lọ! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà tó yá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Solomon Asch, onímọ̀ míì, náà ti fi ìlà tí wọ́n fà sórí káàdì dán irú ẹ̀ wò ní nǹkan bí ọdún 1951. Ìlà tọ́mọdé máa mọ èyí tó gùn nínú ẹ̀, tí gbogbo èèyàn tó jókòó bá ti pa irọ́ kan náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ló ń bá irọ́ lọ. Àmọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti sọ òótọ́ nínú wọn, ẹnu ẹni tí wọ́n ń dán wò á là. Ẹ má sì sọ pé òyìnbó nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣe, ta ni nínú wa tí ò tíì ra aṣọ ẹbí tí ò lówó ẹ̀ lápò rí?

Yunifọ́ọ̀mù wá mú un le sí i. Wọ́n á fá orí gbogbo yín, ẹnì kan á ṣẹ̀, gbogbo yín lẹ máa jìyà ẹ̀, orin wọn sì ni óbè bìfọ́ kọ̀ǹpléènì, kọ́kọ́ ṣe é kó o tó rojọ́. Mi ò bú u o, tómi bá ti kún hóòsì tí kálukú wá ń ṣe tinú ẹ̀, èèyàn máa kú. Àmọ́ ẹ rántí George Floyd, ọkùnrin tó kú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ní 25 May 2020 ní Minneapolis, l'Amẹ́ríkà. Derek Chauvin tó kúnlẹ̀ sí i lọ́rùn ti lo ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́, Thomas Lane tó di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé kí àwọn má yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀gá ní rárá, ló bá dákẹ́. Òun náà ṣẹ̀wọ̀n.

Àwa tí wọ́n ń fi ìlú wa pòwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, lójú pàréèdì, àgbà nìkan ló gbọ́n. Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tá a bá ti débi iná, kò ní sọ tiẹ̀, ẹni tó kéré jù ló máa nawọ́ sí, "Ìwọ, kí lo rí?" Lọ́jọ́ kan rikrúùtì kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ní òun ń gbóòórùn gáàsì, àwa àgbà ò gbóòórùn nǹkan kan, àwọn kan tiẹ̀ ti ń ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀gá ní ká dúró. Sìlíńdà méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyẹn ni mò ń bẹ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn, panápaná àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàṣẹ fún pé kẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí rikrúùtì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lanu, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Èyí tó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ gbé e lọ sí ibi tí ò sí iná tí ò sómi. Níléeṣẹ́ ọlọ́pàá New Orleans, l'Amẹ́ríkà, látọdún 2016, iṣẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dá ẹnì kejì wọn dúró tó bá fẹ́ ṣìwà hù, títí kan ọ̀gá.

Tẹ́ ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bá mi fi orúkọ bò. Ọmọ tó ń tún bẹ́líìtì ṣe ní Lágeré yẹn, tó bá kà á, á mọ̀ pé òun ni.

Èmi ni tiyín,
Panápaná tó ti fẹ̀yìntì,
Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀.