Bí A Ṣe Ṣe Ìnáwó Tóyìn

Àgbọ̀wọ́, Ìbàdàn,
Oṣù Kejìlá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù o. Ilé ńkọ́, Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. O ní nígbà tí o rí fọ́tò ìnáwó ìgboyè Tóyìn lórí Wátsáàpù, o rò pé a ti ta ilẹ̀ Mọ́níyà. Ilẹ̀ wà níbẹ̀ o! A ò sì yá kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kẹ́hìndé náà máa gboyè ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù keje, tí o sì ti ń pariwo owó gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kà ní wákàtí-wákàtí, gbọ́ bí a ṣe ṣe tiwa.

Àlejò ni mo dín kù, n ò dín oúnjẹ. Bàbá Tóyìn ti kọ orúkọ kún ojú ewé mẹ́ta, títí kan ọ̀gá tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́. Mo bi wọ́n léèrè pé, "Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 8 ní 2022, tí ọmọ yìí jókòó sílé tó fẹ́ ya wèrè, ta ló béèrè rẹ̀ nínú àwọn èèyàn yìí?" Wọ́n wo ìwé náà títí, ni wọ́n bá na bírò sí mi. Ẹni tó fi gaàrí ránṣẹ́, ẹni tó gbà á sílé nígbà tí kò rí yàrá, àwọn ló kù.

Alhaja òdìkejì títì náà ní ọmọ tó ń gboyè, la bá pawọ́ pọ̀: kánópì kan, ẹ̀rọ orin kan, ìdáná kan. Àlejò àwa méjèèjì jẹ́ 80. O mọ̀ pé oṣù kọkànlá ni UI, Yunifásítì Ìbàdàn tí Tóyìn lọ, máa ń ṣe ayẹyẹ ìgboyè, nítòsí ọjọ́ 17 tí wọ́n fi ń rántí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1948. Òjò ti káṣẹ̀ ńlẹ̀ nígbà yẹn, kí la wá fẹ́ fi gbọ̀ngàn ṣe? Àwọn àgbà wà lábẹ́ kánópì, àwọn ọmọ wà lábẹ́ igi máńgòrò, ṣọ́ọ̀ṣì sì yá wa ní àga.

Oúnjẹ lowó wọlé sí. Bí àmàlà bá wà níbẹ̀, kóńgò ìrẹsì kan á tó bí èèyàn 10. Mo ra 8, mo fi 2 lé e nítorí àwọn mo-gbọ́-mo-yà, wọ́n sì yà lóòótọ́! Adìẹ àgbà tí kò yé ẹyin mọ́ la rà lọ́wọ́ olóko adìẹ. Ó le, ó ń fẹ́ iná, ṣùgbọ́n ó dùn ju èyí tó ti inú yìnyín jáde lọ, kò sì wọ́n tó o. Àwa obìnrin inú àjọ la fi igi dáná fúnra wa. Sítóòfù kankan ò lè fún ìrẹsì ní òórùn èéfín yẹn. Gbẹ̀gìrì tán kí n tó rí tọ́ wò. Sóbò tí a sè, tí a fi atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí, ló gba ipò ẹlẹ́rìndòdò.

Aṣọ ẹbí? Rárá o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bínú: "Ìnáwó wo ni kò láṣọ?" Mo ní kí wọ́n wọ èyí tí wọ́n rà fún òkú ọdún tó kọjá. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì wé gèlè tó dí gbogbo èèyàn lójú nínú fọ́tò. Àwọn kan ń wá ike tí wọ́n á gbé lọ sílé. N ò ra ike. Ta ni ike ò tíì kún ilé rẹ̀? Owó tó ṣẹ́kù, Tóyìn máa fi ṣe àgùnbánirọ̀. Wọn ò tíì sọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ.

Tìrẹ náà, ẹ̀yìn ilé yín tó. Ní oṣù keje, ilẹ̀ kì í tètè ṣú lọ́dọ̀ yín. Ní kí ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé kúlà oúnjẹ kan wá, kí ìwọ bójú tó ìrẹsì. Òyìnbó kì í yà láìpè, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ àwọn ará wa.

Ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ ní Leeds ní oṣù kẹrin, mo fẹ́ fi ewé sóbò gbígbẹ rán an sí ọ. Iye àlejò ni kí o kọ́kọ́ sọ fún mi, kí n lè mọ èyí tí màá dì. Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì gbá Kẹ́hìndé mọ́ra fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tóyìn