Félicité, ọ̀rọ̀ Ìdòwú ti dé ọ̀dọ̀ dókítà

Kétu

Félicité ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Lyon ńkọ́, ṣé kò tíì gbé ọ mì? Ọmọ mi obìnrin ti yege ìdánwò BEPC, a ti tún òrùlé tí ìjì ká ṣe, ìyá ọkọ mi ṣì ń bá mi jà. Ó tán. Ohun tó wà nílẹ̀ ju ìyẹn lọ, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí WhatsApp, torí bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, gbogbo ilé yín ló ń gbọ́ ọ.

Ìdòwú ọmọ bàbá yín kò kú o. Mo yáa tètè sọ ìyẹn. Ó wà ní Kùtọnu, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Jacquot, ó ń jẹun, ó ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn. Ìkanra yẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ń yá.

O rí bó ṣe wà nígbà tí o wá síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn tí o lọ, ó burú sí i. Kò dúró de ìrọ̀lẹ́ mọ́. Kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó jinná, ó ti mu sódàbì, ògógóró wa yẹn, torí bí kò bá mu ún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè di ife mú. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́! Ère tó gbẹ́ kẹ́yìn, etí kan ga ju èkejì lọ. Lóru ẹ̀fẹ̀ ọdún yìí, akọrin fi í kọrin. Kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ agbẹ́gilére tó ń fi ẹnu gbẹ́ ìgò? A rẹ́rìn-ín, orin náà dùn, kí n má purọ́. Ìdòwú fúnra rẹ̀ jó sí i. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló dìde, ó gba ilé lọ.

Ìyẹn ló mú kí àbúrò bàbá yín, Kọmisẹ́ẹ̀ wa yẹn, sọ pé àwọn á wò ó sàn. Wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n gbé omi àti gàrí sí i, wọ́n ní ẹni tí kò rí ọtí kò lè mu ọtí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, àbí? Lọ́jọ́ kìíní, ó ń làágùn, ó ń bì. Lọ́jọ́ kejì, gìrì gbé e, ojú yí, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní wárápá ni. Àwọn kan ní àwọn ìyá wa àgbà ló bínú nítorí ère ẹlẹ́tí wọ́gọwọ̀gọ yẹn. Nígbà tó di òru ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ń ṣa èèrà lára ògiri tí kò sí èèrà kankan, ó ń bá bàbá yín tó ti kú sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bá òun gbé ọ̀bẹ wá. Ó wò mí, ó dọ̀bálẹ̀, ó pè mí ní Màdáámù. Ìdòwú! Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní ọ̀mùtí kì í ṣe aláìsàn, ká gbé e padà sílé kó lọ sùn. A háyà takisí dé Kùtọnu, ọkùnrin méjì dì í mú títí a fi kọjá Pọ́bẹ̀.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, ojú rẹ̀ kéré bí ọmọ iléèwé. Ó ní ọtí a máa tẹ ọpọlọ èèyàn mọ́lẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ọpọlọ náà á máa fi gbogbo agbára tì í padà. Bí wọ́n bá wá já ọtí gbà lójijì, agbára yẹn kò rí ohun tó máa tì mọ́, ló bá tú síta: gìrì láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, ìrànrán láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ó ní ó ń pa èèyàn. Kọmisẹ́ẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Félicité, Kọmisẹ́ẹ̀ ṣí fìlà!

Wọ́n fún un ní diazepam, Valium tí a mọ̀ yẹn, torí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ọtí ń ṣe nínú ọpọlọ, wọ́n wá ń dín in kù lójoojúmọ́ títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1. Ẹni tó ń mutí láìjẹun kì í sábà ní fítámì yẹn tó lára, bí ṣúgà bá sì ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ débi tí èèyàn ò ní rántí ohun tó ṣe lánàá mọ́. Àní omi ṣúgà tí gbogbo àdúgbò máa ń sáré pò fún ọ̀mùtí!

Gìrì ti dáwọ́ dúró, èèrà ti lọ. Ó ti ń rántí gbogbo wa, ó sì rántí pé mo jẹ òun lówó àga.

Òǹgbẹ ọtí ló kù. Dókítà kọ acamprosate fún un, Aotal ló wà lára páálí rẹ̀, hóró méjì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí èèyàn bá mutí lé e, kì í tìtorí ẹ̀ mú un bì. Ó kàn ń mú kí ọtí má fa ọkàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òun àti òògùn mìíràn tó ń jẹ́ naltrexone sínú ìwé òògùn kòṣeémáàní wọn. A rìn ká tó rí i rà. Á sì máa lọ jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ déédéé, èyí tí kò fẹ́ rárá. Ó ní òun kì í ṣe wèrè.

Ìyàwó rẹ̀ kò gba ti Aotal. Ẹnì kan ti sọ fún un nípa òògùn kan tó ń jẹ́ Espéral, èyí tó jẹ́ pé bí ẹni tó lò ó bá mutí pẹ́nrẹ́n, ojú á pọ́n, àyà á máa já, á bì títí. Ó fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ láti Faransé, kí òun lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ ilá láìsọ fún un. Jọ̀ọ́, má rà á. Dókítà bínú nígbà tó gbọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń lò ó nìkan ni wọ́n ń fún. Ẹni tí kò mọ̀ á lọ mutí tirẹ̀ bó ṣe ń mu ún, ìfúnpá rẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Bí ìyàwó bá pè ọ́, sọ fún un pé wọn kì í tà á láìsí ìwé dókítà. Òótọ́ náà ni.

Tòmátì ti gbówó lórí. Ọkùnrin tó ní òun á dúró dè ọ́ ti fẹ́ ìyàwó kẹta, o yọ.

Ó ku ọ̀kan, òun ni mo ti ń sá fún láti òkè. Owó tí o ń fi sí fóònù Ìdòwú lóṣooṣù fún iléèwé àwọn ọmọ kò dé iléèwé. Wọ́n ti lé wọn wálé. Ìyá onísódàbì mọ ọjọ́ tí owó rẹ ń wọlé ju àwọn ọmọ lọ. Mi ò sọ pé ìwọ lo ra ọtí fún un o, má gbé e gbòdì bí o ṣe gbé ọ̀rọ̀ ti ọdún yẹn. Fóònù ìyàwó rẹ̀ ni kí o máa fi owó sí, tàbí kí n máa bá ọ san án ní iléèwé, kí n sì ya rísíìtì rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún un, kì í ṣe èmi. Bó bá ti ẹnu mi jáde, á ní mo fẹ́ da àárín yín rú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jẹ́ kó wálé, pè é ṣáájú ìgbà yẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń fún wọn ní fóònù. Á bú ọ. Jẹ́ kó bú ọ tán, kí o tó tún un sọ.

Kí Bàbá Léa fún mi. Bùbá wọn ti tán, owó òwú ló kù.

Èmi ni,
Ìyá Rosine