Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí owó bàlúù Arrow fi lọ sókè, tí ọ̀kan sì fi wà nílẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹ̀yin àbúrò tó ń kọ́ bàlúù lọ́dọ̀ wa níbí ní Houston, mo kí yín o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ojú lọ́nà.

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan. Mo gbọ́ ohùn tí màmá kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, pé owó ọmọ àwọn ni mo fẹ́ fi kọ́lé. Màmá, ilé wo? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2021 yìí, wákàtí kan nínú Piper Arrow á kúrò ní dọ́là 165, á di 190. Cessna tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń lò, iye tó ti wà náà ló wà.

Ohun tó fà á rèé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2018, ní Daytona Beach ní Florida, apá òsì Arrow kan já kúrò lára rẹ̀ lójú òfúrufú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan àti ẹni tó ń dán an wò ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ló kú. Bàlúù ọdún 2007 ni, kì í ṣe ògbólógbòó. Irin gbọọrọ tó gbé apá dúró ló ti ń sán díẹ̀díẹ̀ nídìí ihò bọ́ọ̀tì, níbi tí ojú ò tó. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Texas wa níbí, ní Marlin, lọ́dún 1987. Nítorí náà, n ò sọ pé kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tèmi náà ń fò nínú Arrow yìí.

FAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú níbí, gbé àbá òfin àyẹ̀wò jáde ní ìparí 2018. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. AOPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ní bàlúù àtàwọn tó ń wà á, wà lára àwọn tó ní àbá náà ti kó bàlúù tó pọ̀ jù mọ́ra. Àwọn kan tún ní yíyọ bọ́ọ̀tì yẹn gan-an lè ba ihò jẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n fi fà á kí òfin tó jáde ní January yìí.

Ibi tó ti dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí. Bàlúù tó bá ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ní gbogbo ọgọ́rùn-ún wákàtí. Àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, ọgọ́rùn-ún wákàtí gbáko ni wọ́n kà á sí. Wákàtí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á pín in sí ọ̀nà mẹ́tàdínlógún, wọ́n á mú ìpín kan péré. Tí àpapọ̀ bá ti dé 5,000, àfi kí wọ́n yọ bọ́ọ̀tì apá, kí wọ́n yẹ inú ihò ẹ̀ wò. Arrow mi kan ti fò 6,800 wákàtí, àyẹ̀wò 62 ló sì wà nínú ìwé ẹ̀: 6,235 ni wọ́n kà fún mi. Ti bàbá tá a jọ ń gbé bàlúù sí pápá kan náà ti fò 8,500, ṣùgbọ́n fàájì ló fi ń ṣe, kò gbé akẹ́kọ̀ọ́ rí. Iye tí wọ́n kà fún un? 500! Ìwé tí mo fi ń yangàn fún yín pé mo ń tọ́jú bàlúù mi, òun náà ni wọ́n fi mú mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ní àlàyé tiwọn, pé bàlúù akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fara gbá ju ti fàájì lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò inú ihò bọ́ọ̀tì yìí ò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró de ẹni tó wá ṣe tiwa. Ẹ̀rọ tó gbé wá, ẹnu ẹ̀ ò ju pẹ́ńsù lọ. Ó ń tì í bọ inú ihò, ó ń yí i, ìlà kan ń sáré lójú ẹ̀rọ. Tí ìlà yẹn bá fò sókè, irin ti sán nìyẹn. Kò fò. Arrow àkọ́kọ́ yege, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú gáréèjì.

Ti ìkejì ni kò lọ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀tì kan kọ̀, kò jáde. Nígbà tí wọ́n fi agbára yọ ọ́, ó ha inú ihò. Mo tan iná sí i, mo rí ojú ibi tó ha, kò gùn ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Kò sí ibi tó sán o! Àmọ́ mẹkáníìkì ní òun ò lè dá a padà títí àwọn tó ṣe bàlúù á fi sọ ohun tá a máa ṣe sí i. Ohun tí wọ́n ti pariwo fún ọdún méjì ló wá ṣẹlẹ̀ lórí tèmi. Owó adójútòfò, owó ibi tó dúró sí, owó báńkì, kò sí èyí tó dúró dè mí.

Arrow kan ṣoṣo la ó máa fi ṣiṣẹ́ ní báyìí, a máa fò láti àárọ̀ kùtù. Ẹni tó bá ti sanwó sílẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí, iye àtijọ́ ni yóò fi fò. Wákàtí tí ọmọ yín ti fò kò sọ nù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ rántí pé aago mẹ́jọ àárọ̀ Èkó, aago méjì òru ni lọ́dọ̀ wa.

Èmi ni,
Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bàlúù yín