Inú Ooru Ni Wọ́n Ti Ń Wé Páìpù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí. Arákùnrin kan kọ̀wé sí yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé òtútù ló ba iná Texas jẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2021, pé ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná ló jẹ̀bi, pé òyìnbó pàápàá ò lè bá iṣẹ́ Ọlọ́run jà. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Òtútù Kánádà ju ti Texas lọ fíìfíì, iná wọn sì ń tàn.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ọmọ Ìkìrun ni mí. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ iná, láti ayé NEPA títí ó fi di PHCN, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní yàrá ìdarí Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ gíríìdì gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Ṣọlá ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Houston. Àmọ́ iṣẹ́ náà ò tíì kúrò lára mi. Mo ní mítà kékeré kan tí mo kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tó ń sọ fìríkúẹ́nsì iná fún mi tọ̀sán-tòru. Ìyàwó Ṣọlá máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá ò tíì rítaya.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fìríkúẹ́nsì náà, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan. Ìró ọmọ odó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ máa bára mu. Bó bá rẹ ẹnì kan, ìró á fà sẹ́yìn, àwọn méjì tó kù ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé iná sórí gíríìdì. Ní ilé, 50 ni ìró náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni. Bó bá ń já wálẹ̀, àwọn tó ń jẹ iyán ti pọ̀ ju agbára àwọn tó ń gún un.

Lóru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì ọdún 2021 yẹn, mo dìde lọ tọ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Mo wo mítà mi, 59.6. Mo ní bóyá ojú mi ni. Ó di 59.4. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mi ò rántí ìtọ̀ mọ́. Nígbà tó di 59.3, àyà mi já. Kí n tó pe Ṣọlá, ilé ti ṣókùnkùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò ń ṣépè. Èmi nìkan ni inú mi dùn, Ṣọlá sì rò pé òtútù ti mú mi lórí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó jókòó ní yàrá ìdarí ERCOT, àjọ tó ń darí gíríìdì Texas, mú iná wa lọ kí gbogbo rẹ̀ má baà wó lulẹ̀. Ìwádìí tó jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni fìríkúẹ́nsì fi wà lábẹ́ 59.4. Ká ní ó pé ìṣẹ́jú 9 ni, àwọn ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara wọn kúrò, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí iná tó padà. Wọn ò rí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n á ti yá iná tó pọ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú Texas ya okùn iná tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Nígbà tó le jù, 20,000 megawatt ni wọ́n gé. Iná tí gbogbo Nàìjíríà ń rí lórí gíríìdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò tó 6,000. Ẹ fojú wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni yẹn lóru ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹni tó mú iná lọ kọ́ ni mo bá wí. Àwọn tí ò wé páìpù kí òtútù tó dé ni.

Ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì kan wà nítòsí Bay City, ẹ̀rọ méjì ló ní. Ọ̀kan kú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Átọ́míìkì ò tutù o! Páìpù tín-ín-rín kan ló wà níta, irú èyí tí kì í gbé omi lọ síbì kankan. Omi kàn dúró sínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè fi mọ bí agbára omi ṣe tó nínú páìpù ńlá. Omi tó dúró náà dì. Àmì èké ló wá fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ iná náà bá pa ara rẹ̀. Wáyà tó ń gbóná la máa ń wé mọ́ irú páìpù bẹ́ẹ̀, fóòmù lé e lórí, ìbòrí lé fóòmù. Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni ibi tí wọ́n ti bọ́ fóòmù nígbà àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni ò rántí dá a padà.

Ìyà gáàsì ló wá pọ̀ jù, kì í ṣe ti ẹ̀rọ atẹ́gùn tí arákùnrin wa di ẹ̀bi rù. Omi máa ń bá gáàsì jáde láti inú kànga. Omi náà dì lẹ́nu kànga, gáàsì ò rọ́nà gbà. Èyí tó tún dùn mí ni pé àwọn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì lọ sí ilé iṣẹ́ iná, iná ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Àwọn tó ni wọ́n ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé ibí ò ṣeé mú iná lọ. Nígbà tí wọ́n ń gé iná, wọ́n gé tiwọn mọ́ ọn. Iná ò sí torí gáàsì ò sí, gáàsì ò sí torí iná ò sí. Ẹni tó bá mọ Ẹgbin, ilé iṣẹ́ iná tó ń lo gáàsì ní Ìkòròdú, á mọ ohun tí mò ń wí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2011. Ìjọba àpapọ̀ ṣèwádìí, wọ́n kọ gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe sínú ìwé, àmọ́ ìmọ̀ràn lásán ni, kì í ṣe òfin. El Paso, ìlú kan ní Texas tó wà lórí okùn iná àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn dípò ti ERCOT, ná owó, ó wé ohun tó yẹ ní wíwé. Ní 2021, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ni iná lọ níbẹ̀, kò sì pẹ́. Texas kan náà, òtútù kan náà.

Ní tiwa ní Houston, ọjọ́ méjì ààbọ̀ la ò fi ríná. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lójúlé kẹta, lọ́dọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú kan. Ìró náà dún bí ẹni pé inú ilé ló wà. Mo wọ sílípáàsì nínú yìnyín lọ kanlẹ̀kùn. Inú gáréèjì ló gbé e sí, ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Ó ní, "Bàbá, wọ́n á jí i níta." Mo ní kí wọ́n jí i. Èmi àtiẹ̀ la jọ wọ́ ọ jáde, ọmọ rẹ̀ kékeré ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ (carbon monoxide), tí kò lóòórùn rárá, pa èèyàn ní Houston lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo àwọn tí òtútù náà ṣekú pa, 246 ni ìjọba Texas kà.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni òfin ti wà: ilé iṣẹ́ iná tí ò bá múra sílẹ̀ lè san tó mílíọ̀nù kan dọ́là lóòjọ́, àwọn aṣàyẹ̀wò sì ń lọ fojú rí i. Nígbà tí òtútù ńlá dé lóṣù Kejìlá ọdún 2022, Texas ò gé iná. TVA tó ń fún Tennessee níná ló gé e, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1933.

Lóṣù Kẹjọ tó kọjá, oòrùn ń pààyàn, mo jókòó sórí àpótí níta, mò ń wé fóòmù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri. Ìyàwó Ṣọlá gbé omi tútù wá fún mi, ó ní ṣé ara mi le. Iṣẹ́ ò tíì tán. Fáàfù tí a fi ń ti omi gbogbo ilé ti dípẹtà, mi ò lè yí i. Ṣọlá ní òun á pe púlọ́mbà ní Sátidé. Sátidé mẹ́ta ti lọ báyìí, mo sì ń fi bírò pupa kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ṣọlá,
Houston, Texas.