Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀gbọ́n Mósè Kò Sá

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí kejì, kí ẹ má sì yára kọjá ẹsẹ ìkeje. Ọmọ-ọwọ́ wà nínú apẹ̀rẹ̀ létí odò, ọmọbìnrin Fáráò sì ti rí i. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà mọ̀ pé baba obìnrin yìí ni ó pàṣẹ pé kí a sọ àwọn ọmọkùnrin Hébérù sínú odò; síbẹ̀ ó sún mọ́ ọn, ó sì bi í bóyá kí òun wá alágbàtọ́ fún un. Lóòótọ́, kò sọ pé ìyá ọmọ gan-an ni òun ń lọ pè, bóyá nítorí ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan yẹn, àti bí ọmọ ọba ṣe fetí sí i, ni ó dá ọmọ padà sí àyà ìyá rẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé yìí, òfin ọmọdé ọdún 1989, ní abala 17, sọ ọ́ di ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ láti ran ọmọ tí ó wà nínú àìní lọ́wọ́, kí a sì máa tọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti pa á lára. Social worker, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ń bójú tó ire ọmọdé, tí ó kan ilẹ̀kùn kò lè dá gbé ọmọ lọ: ilé ẹjọ́ ni ó ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àfi bí òbí bá gbà, tàbí bí ọlọ́pàá bá rí ewu ojú ẹsẹ̀.

Ta ni, nígbà náà, ń gba òbí nímọ̀ràn pé kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ, tàbí kí ó fi í ránṣẹ́ sí Èkó lóru? Ta ni ó kọ̀ láti kí arábìnrin wa lẹ́yìn ìsìn, nítorí pé iṣẹ́ social worker ni ó ń ṣe? A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí, àwa àgbà wà lọ́jà, òfófó ni a ń ṣe. Ẹni tí ó bá sì ń na ọmọ títí ara rẹ̀ fi ń bó, kí ó má fi Ìwé Mímọ́ bo ojú ọgbẹ́.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé lẹ́tà ìjọba máa ń gba oorun lójú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà wọlé, ẹ fún un ní àga, ẹ bi í ní pàtó ohun tí ó ń kọ ọ́ lóminú, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ sọ fún un nípa ìyá àgbà tàbí àbúrò tí ó lè gba ọmọ mọ́ra. Ẹ béèrè fún ògbufọ̀ bí èdè bá le, ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀. Bí ẹ bá fẹ́, èmi tàbí ìyá ìjọ yóò bá yín jókòó.

Ìkéde: Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àwọn ọmọ ìjọ tí ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé yóò dáhùn ìbéèrè òbí nínú gbọ̀ngàn. Àdúrà Ọjọ́rú di aago méje. Owó ìkórè kò tíì pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò.